Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́ Nínú Yàrá Ìkàwé: Ta Ni Onídùúró fún Ọ̀rọ̀ Orí Ayélujára?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí olúkúlùkù wa lè dán wò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kétu mú tẹlifóònù, kí ó tẹ orúkọ ìlú rẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i: Ketu. Ohun tí yóò jáde kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Kétu tiwa yóò wà níbẹ̀, ìlú Alákétu, ìlú Àkábà Ìdẹ̀nà, èyí tí ogun Abomey fọ́ ní 1886. Ṣùgbọ́n Ketu ti Èkó, àdúgbò ọjà àti mọ́tò, yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ketu ti ilẹ̀ Gánà, ní agbègbè Volta, kò ní gbẹ́yìn. Ketu ti Brazil, tí í ṣe orúkọ ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Candomblé, yóò yọjú. Paríparí rẹ̀, Ketu ti àwọn awòràwọ̀ ilẹ̀ Íńdíà yóò dé, òun tí kò mọ Odùduwà, tí Odùduwà kò sì mọ̀ ọ́n. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ìbátan wa, àwọn mìíràn kàn jẹ́ orúkọ ni. Ẹ̀rọ náà kò purọ́. Ohun tó jọra ni ó kó jọ. Iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń ka á ló wà.

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kò lè nu ẹnu nù bí ẹni tí kò jẹ níbẹ̀. Ní ìgbà ìsinmi kan, a pèsè ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, tí ó sì ka Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pọ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé rẹ̀. Nítorí náà, ojú-ewé tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lórí ayélujára kò lóǹkà. A mú ọ̀kan tí àwòrán rẹ̀ dára, tí èdè Faransé rẹ̀ sì já gaara. A túmọ̀ rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, a pín in. Ó wà nínú bébà náà pé àwọn obìnrin ni ó máa ń gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sórí jó.

Ọmọbìnrin kan ka á sókè nílé. Bàbá bàbá rẹ̀, tí ó ti gbé ère náà sórí jó nígbà èwe rẹ̀, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá ni à ń fi í yẹ́ sí, ọmọ mi; ọkùnrin ló ń gbé e. Ta ló sọ èyí fún ọ?" Ọmọ náà dáhùn pé, "Bàbá, àwọn olùkọ́ wa ni." Kò dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì. Kò dárúkọ ẹni tó kọ ojú-ewé náà, nítorí kò mọ̀ ọ́n, àwa náà kò sì mọ̀ ọ́n. Àwa ni ó dárúkọ. Èyí tó sì dùn wá jù ni pé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe gbọ́ lẹ́yìn náà, ọmọ náà kò kọ́kọ́ gba bàbá rẹ̀ gbọ́. Bébà tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ kọ borí ẹnu ẹni tí ó wà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń bá wa gbé. Nígbà tí olùkọ́ bá mú ọ̀rọ̀, àwòrán, fídíò tàbí eré ìṣirò láti orí ayélujára wọ kíláàsì, ọ̀rọ̀ ta ni? Bí ó bá já sí irọ́, ta ló jẹ̀bi? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni yíyẹ irú ohun bẹ́ẹ̀ wò: kí a wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kí a wo orúkọ òǹkọ̀wé, kí a fi àmì sí ìwé àyẹ̀wò, ó parí. Lójú tiwa, ọ̀ràn ìwà ni kó tó di ọ̀ràn ọgbọ́n. Ẹni tí ó bá mú àlejò wọlé ni onídùúró rẹ̀.

Èdè wa ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. A ní ọ̀rọ̀ méjì tí a kì í fi rọ́pò ara wọn bí a bá ń sọ̀rọ̀ dáadáa: ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Ní 1986, Barry Hallen àti J. O. Sodipo, onímọ̀ òye méjì tí wọ́n ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ìjíròrò tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ni pé "mo mọ̀" jẹ́ gbólóhùn tí ó wúwo lẹ́nu Yorùbá. Ẹni tó ń sọ ọ́ ń jẹ́rìí pé ojú òun ló rí i, tí ọkàn òun sì yé e. Ìgbàgbọ́ ní tirẹ̀ ni ohun tí a gbọ́, tí a sì gbà; orúkọ rẹ̀ gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kà nínú ìwé, ohun tí olùkọ́ sọ, ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú wa, ìgbàgbọ́ ni gbogbo rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a bá fi ojú ara wa tàbí ìdánwò fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń tẹ́ ìgbàgbọ́. Orí rẹ̀ ni ìgbé ayé wa dúró lé. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò dé Bahia rí, síbẹ̀ a gbà pé àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú gbé orúkọ ìlú wọn dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tó bí ara rẹ̀. Ẹnu àwọn òbí wa ni a ti gbọ́ ọjọ́ ìbí wa. Bí a bá ní kí olùkọ́ má kọ́ni ní ohunkóhun bí kò ṣe èyí tí ó fojú rí, ilé-ìwé yóò tì pa lọ́la. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú fífi ìgbàgbọ́ kọ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú gbígbé aṣọ ìmọ̀ wọ ìgbàgbọ́, kí a wá fi han ọmọdé bí ohun tí a ti rí. Èyí ni àwa ṣe pẹ̀lú bébà Gẹ̀lẹ̀dẹ́. A gbọ́ ọ, a sì sọ ọ́ bí ẹni tó rí i.

Ayélujára sì mọ aṣọ náà rán ju ohunkóhun lọ. Ojú-ewé tó mọ́ tónítóní, àmì ẹgbẹ́ lókè, fọ́tò tó ń dán, àwọn nǹkan wọ̀nyí máa ń dà bí ẹ̀rí, wọn kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti dé ọwọ́ gbogbo ayé, ọ̀ràn náà tún ní ìlọ́po mìíràn. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè báyìí kò rí, kò gbọ́. Ó ti ka ọ̀rọ̀ àìmọye ènìyàn, ó sì ń to ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ó lè sọ òtítọ́, ó sì máa ń sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni ó fi ń sọ òtítọ́ àti àṣìṣe. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìfi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun tó dá a lójú àti ohun tí kò dá a lójú, bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, a mọ orúkọ tí à bá pè é.

Báwo ni a ṣe lè ṣe ìwádìí nígbà náà? Àwọn òbí wa ti fi ọ̀nà hàn wá nínú ọ̀ràn ìgbéyàwó. Nígbà tí ìdílé kan bá fẹ́ fi ọmọ fún ìdílé mìíràn, wọn kì í lọ bi ọkọ ìyàwó pé ṣé ènìyàn rere ni. Kí ni yóò wí? Ilé kejì ni wọ́n ti ń bèèrè. Wọ́n á bi aládùúgbò, wọ́n á bi ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò, wọ́n á rán ẹnìkan lọ sí ìlú ìyá rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ó yà wá lẹ́nu láti kà pé ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn olùwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí pé ó gbéṣẹ́ jù lórí ayélujára. Ní 2017, Sam Wineburg àti Sarah McGrew ti yunifásítì Stanford sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n kó ènìyàn 45 jọ: òpìtàn 10 tí wọ́n ní oyè ọ̀mọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 25, àti 10 nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ òtítọ́ ìròyìn wò. Wọ́n ní kí wọ́n díwọ̀n àwọn ìkànnì kan. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹgbẹ́ ńlá àwọn dókítà ọmọdé. Èkejì jẹ́ ti ẹgbẹ́ kékeré kan tó ya kúrò lára rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì fara jọ ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òpìtàn jókòó sí ojú-ewé náà, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ tọkàntọkàn, ẹwà rẹ̀ sì tan púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò kò jókòó. Láìpẹ́ tí wọ́n dé ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde, wọ́n lọ bi àwọn ìkànnì mìíràn pé, "Ta ni àwọn tó ni ibí yìí?" Wọ́n yára ju àwọn yòókù lọ, ìdájọ́ wọn sì tọ̀nà jù. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro: ìwé kíkà kò tó láti mọ ìwé, ó yẹ kí a mọ aládùúgbò rẹ̀.

Kí ni a óò bèèrè ní ilé kejì? A kò fẹ́ to ìbéèrè ogún sílẹ̀ tí olùkọ́ yóò fi há sínú àpótí. Mẹ́ta péré tó.

Àkọ́kọ́: ta ló ṣe é, kí sì ni yóò jẹ níbẹ̀? Ìkànnì tó ń ta áàpù ìkọ́ni yóò sọ pé áàpù náà ń mú ọmọ gbọ́n. Ìròyìn UNESCO ti 2023 lórí ẹ̀rọ nínú ẹ̀kọ́ fi hàn pé ẹ̀rí tí kò ṣègbè kò pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àti pé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 7 nínú 100 péré lára àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìkọ́ni ni ó ti fi ìdánwò tó péye wo ọjà wọn. Bí ó bá rí báyìí ní ilẹ̀ olówó, kí ni a óò sọ nípa tiwa? Ní ìdàkejì, ojú-ewé Wikipedia tí àwọn kan ń bẹnu àtẹ́ lù ní ìwà kan tí a lè yìn: ó ń fi ìtàn ara rẹ̀ hàn. Ẹnikẹ́ni lè tẹ ibi tí a ti ń rí ohun tí wọ́n yí padà àti ọjọ́ tí wọ́n yí i, kí ó sì wo ìsàlẹ̀ fún ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Kò yẹ kí a parí ìwádìí síbẹ̀, ṣùgbọ́n a lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èkejì: ta ni wọ́n ṣe é fún? Ọ̀rọ̀ lè jẹ́ òtítọ́, kí ó má sì tọ́ fún ọmọ tó wà níwájú wa. Ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ tí wọ́n pèsè fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé yóò ní ìgbà mẹ́rin nínú ọdún, yóò sì fi yìnyín hàn. Ọmọ Sábẹ̀ mọ òjò, ó sì mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá tí wọ́n ṣe ní Èkó yóò fi ẹ àti ọ kọ̀wé bí a ti ṣe lójú ewé yìí, nígbà tí álífábẹ́ẹ̀tì ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ. Ọmọ tí a kò ṣàlàyé èyí fún yóò rò pé èdè méjì ni. Láti ìparí 2013 ni ẹ̀rọ ìtumọ̀ Google ti ń gba Yorùbá, ó sì wúlò; ṣùgbọ́n ẹ tẹ "oko" láìsí àmì kankan, kí ẹ wá bi ara yín bóyá oko tí à ń ro ni, tàbí ọkọ tí obìnrin fẹ́, tàbí ọkọ́ tí à ń fi roko, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Ẹni tó mọ èdè nìkan ló lè dá ẹ̀rọ náà lẹ́jọ́.

Ẹ̀kẹta: kí ni yóò gbà lọ́wọ́ ọmọ? Ohun tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní 2022, Human Rights Watch yẹ áàpù àti ìkànnì ìkọ́ni tó lé ní 160 wò, àwọn tí ìjọba orílẹ̀-èdè 49 fọwọ́ sí nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa. Ó sún mọ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ nínú ọ̀ràn àṣírí àwọn ọmọ: wọ́n ń tọ ipasẹ̀ wọn, tàbí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí tó fi ọmọ rán olùkọ́ kò fi í rán oníṣòwò. Bí áàpù bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti ibùgbé rẹ̀ kó tó lè ṣe ìṣirò, kí olùkọ́ bi ara rẹ̀ pé ṣé òun yóò jẹ́ kí àlejò tí òun kò mọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kó máa bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè kan náà.

A mọ ohun tí àwọn olùkọ́ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí yóò sọ, ẹjọ́ wọn sì tọ́ kí a gbọ́. Wọ́n á ní: "Ọmọ ọgọ́ta ló wà níwájú mi. Iná kò dúró. Owó ara mi ni mo fi ń ra íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé tí ìjọba fún wa kò yí ká. Ẹ wá ní kí n máa lọ láti ilé dé ilé bí alárinà nítorí ojú-ewé kan?" Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá gbé gbogbo ẹrù yìí lé olùkọ́ kan ṣoṣo lórí, a ti ṣe àìṣòdodo, òun náà yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà.

Àwọn mìíràn yóò gba ọ̀nà kejì, wọ́n á ní kí a kọ gbogbo rẹ̀: ìwé títẹ̀ tó fún wa. Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ náà ìgbàgbọ́ ni. Àwọn ìwé tí a fi kọ́ àwọn bàbá wa nígbà ìjọba Faransé jẹ́ títẹ̀ dáadáa, ohun tó wà nínú wọn nípa àwọn ọba wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ yẹ fún ọmọlúàbí láti tún sọ. Ẹni tó bá sì fi ayélujára du ọmọ tálákà ní Pobè tàbí Atakpamé, nígbà tí ọmọ olówó ń lò ó ní Kútọnù, ti yàn fún ọmọ náà láì bi í. Kíkọ̀ náà ní ẹlẹ́jọ́.

Èsì tí a rí ni pé ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kéré ju bí ó ṣe rò lọ, ó sì tún jinlẹ̀ jù ú lọ. A kò ní kí ó mọ ohun gbogbo. A ní kí ó sọ ibi tí ó mọ̀ dé. Kò gba owó, kò gba iná mọ̀nàmọ́ná, láti kọ ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́ta sí etí bébà tí a fẹ́ pín: "A ti rí i." "A gbọ́ ọ ni." "A kò tíì mọ̀." Ọmọ tó bá ń rí gbólóhùn wọ̀nyí láti kékeré yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní ìdílé. Nígbà tí òun nìkan bá wà pẹ̀lú tẹlifóònù rẹ̀ lóru, tí olùkọ́ kò sí níbẹ̀, yóò bèèrè ìdílé ọ̀rọ̀ náà kó tó gbà á sílé. Èyí ni èrè tó tóbi jù, nítorí a kò lè bá ọmọ dé gbogbo ibi tí tẹlifóònù yóò mú un dé.

Ìyókù ẹrù náà, ti gbogbo wa ni, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹgbẹ́ wa lè ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí olùkọ́ tó bá ti yẹ ohun kan wò kọ ọ́ síbẹ̀: orúkọ ìkànnì, ọjọ́, ohun tí ó rí, ẹni tí ó bi léèrè. Ọjọ́ ṣe pàtàkì, nítorí ìròyìn UNESCO tí a sọ lẹ́ẹ̀kan fi yé wa pé àwọn ọjà ẹ̀rọ ìkọ́ni máa ń yí padà láàárín nǹkan bí oṣù 36. Ohun tó dára lánàá lè ti di nǹkan mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yunifásítì lè bá wa gba Wikipedia sílẹ̀ pẹ̀lú Kiwix, ètò tó ń jẹ́ kí a kà á níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí, kí olùkọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé láìná fàráńkì kan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn àgbà wà láàárín wa tí wọ́n lè sọ pé "mo mọ̀", kí wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i: alágbẹ̀dẹ, aláró, agbégi-lére, àwọn ìyá tó mọ oríkì. Kò sí ìkànnì tó lè ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, èyíinì ni kí wọ́n jókòó síwájú ọmọ, kí ọmọ bi wọ́n ní ìbéèrè, kí ó sì wo ojú wọn nígbà tí wọ́n ń dáhùn.

A lọ bá bàbá ọmọbìnrin náà. A dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa wo bébà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tọ́ka sí àṣìṣe méjì mìíràn tí a kò fura sí. Nígbà tí a bi í nípa bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Èyíinì, mo gbọ́ ọ ni. N kò sí níbẹ̀." Ọmọ náà jókòó tì í. A kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́, a sì fi gbólóhùn kejì sí etí rẹ̀.